Bí Ẹ Ṣe Lè Múra Ọmọ Sílẹ̀ fún Ìdíje Sípẹ́lì

Lára àwọn ọmọ mẹ́jọ tó jọ gbégbá orókè nínú Scripps, ìdíje sípẹ́lì ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 2019, ìran Íńdíà ni méje. Kì í ṣe idán rárá. Ẹ̀yin òbí Ìjẹ̀bú-Òde àti Ṣàgámù, ọ̀rọ̀ 20 lóòjọ́ ti tó. Ẹ pè é, kí ọmọ kọ ọ́, kó tún fẹnu ka létà rẹ̀. Èyí tó bá ṣì, ẹ tún un bi í lọ́la. Bí ẹnu yín bá ń gbé "h" mì (ẹnu wa nílé níbí nìyẹn), ẹ jẹ́ kí díkíṣọ́nárì orí fóònù bá yín pè é.

Bí a ti ń pe Yorùbá là ń kọ ọ́. Gẹ̀ẹ́sì ò rí bẹ́ẹ̀. Nínú "separate", "a" àkọ́kọ́ kì í dún ketekete, lọmọ bá fi "e" sí i. Ọ̀rọ̀ tó bá ti èdè Gíríìkì wá, "ph" ló sábà máa ń dún bí "f". Nítorí náà, kí ọmọ béèrè orísun ọ̀rọ̀ àti ìtumọ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í pe létà. Ní Scripps, ó lè tún ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, àmọ́ kò gbọdọ̀ yí létà tó ti pè padà.