Bí mo ṣe wá orin 75 tí kò hàn lórí Spotify rí

Fáìlì orin 214 ló wà nínú fódà orin mi lórí kọ̀ǹpútà. Nígbà tí mo ṣí Local Files, ibi tí Spotify ń to orin tó wà lórí ẹ̀rọ ẹni sí, 139 péré ni mo bá níbẹ̀. Lórí fóònù, kò sí ẹyọ kan. Iye yìí ni mo kọ sílẹ̀ kí n tó fọwọ́ kan nǹkan kan: 214, 139, òdo. Ẹni tí kò bá kà á, á ṣe àtúnṣe kan, orin díẹ̀ á yọjú, á sì rò pé iṣẹ́ ti parí.

Windows 11 ni kọ̀ǹpútà náà ń lò, Android ni fóònù, mo sì ń san owó Premium fún Spotify. Ẹ má fojú fo Premium yẹn o, torí láìsí i, orin kò ní lè ti orí kọ̀ǹpútà bọ́ sórí fóònù.

Ọwọ́ tèmi ni gbogbo ohun tó bà jẹ́ wà: fáìlì mi, fódà mi, ráútà mi. Ohun tó sì ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú ni pé wọn kò mọ bí ètò náà ṣe ń ṣiṣẹ́. Spotify kì í gbé fáìlì yín lọ sórí sáfà rẹ̀. Orúkọ orin nìkan ló ń wọ inú playlist. Orin fúnra rẹ̀ kò kúrò lórí ẹ̀rọ tó wà. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi lè rí orin kan nínú playlist lórí fóònù, àmọ́ tó ní àwọ̀ eérú, tí ẹ tẹ̀ ẹ́ tí kò dún. Orúkọ ti dé, orin ò tíì dé. YouTube Music kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ní tiẹ̀: fáìlì gan-an lẹ ó gbé lọ sórí àkáǹtì yín, ó sì lè gba tó 100,000 orin. Iye kan náà ni Apple Music ń gbà, ṣùgbọ́n orin tó bá ju 200 MB lọ tàbí tó gùn ju wákàtí méjì lọ kò ní gòkè. Ẹni tó ń lo ọ̀kan nínú méjèèjì yìí, ibòmíràn ni yóò ti wá tirẹ̀.

Ní ti Spotify, ìdí kọ̀ǹpútà ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Orin tí kọ̀ǹpútà kò bá rí, kò sí bó ṣe lè fi ránṣẹ́ sí fóònù.

Mo lọ sí Settings, mo wá Your Library, mo rí i pé Show Local Files wà ní títàn. Lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n to àwọn fódà tí áàpù náà ń wò sí: Downloads, Music Library, àti bọ́tìnnì Add a source tí a fi ń yan fódà mìíràn. Mo pa Downloads, torí pé gbogbo ohùn játijàti téèyàn gbà láti orí íntánẹ́ẹ̀tì ló máa ń kó wá. Mo wá fi Add a source yan fódà mi gan-an. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé OneDrive, ibi ìpamọ́ fáìlì Microsoft lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ti gba fódà Music mọ́ra. Nínú File Explorer, orin 17 ní àwòrán ìkùukùu kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ wọn. Ìtumọ̀ àwòrán yẹn ni pé orúkọ fáìlì ló wà lórí kọ̀ǹpútà, fáìlì fúnra rẹ̀ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo fi bọ́tìnnì ọ̀tún máòsì tẹ fódà náà, mo yan Always keep on this device, mo dúró títí ìkùukùu fi di àmì aláwọ̀ ewé tán. Lẹ́yìn náà mo pa Spotify pátápátá, mo tún un ṣí. Ẹ kíyè sí i: tí ẹ bá kàn tẹ X lókè, áàpù náà ṣì lè máa ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀, ẹ wá àwòrán rẹ̀ nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún, lẹ́gbẹ̀ẹ́ aago, kí ẹ ti ibẹ̀ pa á.

139 di 156. Ó ku 58.

Irú fáìlì ló fa gbogbo 58 yìí, ibẹ̀ ni mo sì ti pẹ́ jù. MP3 ni Spotify ń gbà láìjanpata. Ó tún ń gba M4P tí kò ní fídíò nínú, àti MP4 bí QuickTime bá wà lórí kọ̀ǹpútà. Láti mọ irú èyí tí mo ní, mo lọ sí View nínú File Explorer, mo yan Show, mo tan File name extensions, kí ìparí orúkọ fáìlì lè máa hàn. Mo wá fi Type tò wọ́n. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n jẹ́ .wma, irú èyí tí Windows Media Player àtijọ́ máa ń ṣe nígbà tí a bá da CD sórí kọ̀ǹpútà. Méjìlélógún jẹ́ .m4a.

M4A gba sùúrù, torí àpótí lásán ni. Ohun tó wà nínú rẹ̀ lè jẹ́ AAC, irú kan tó ń dín orin kù bíi MP3, ó sì lè jẹ́ ALAC, ìyẹn irú tí iTunes fi ń tọ́jú orin láìdín nǹkan kan kù nínú rẹ̀. ALAC ni Spotify kì í gbà. Orúkọ fáìlì kò lè fi èwo ni èwo hàn yín. Áàpù ọ̀fẹ́ tó ń jẹ́ MediaInfo ni mo fi wò ó. Ẹ ju fáìlì sínú rẹ̀, kí ẹ ka ohun tó wà níwájú Format lábẹ́ Audio. ALAC ni gbogbo méjìlélógún.

Ó wá ku márùn-ún tí .mp3 wà ní ìparí orúkọ wọn, tí wọn kò sì hàn. MediaInfo tú wọn fó: AAC ni mẹ́ta, Vorbis, irú orin mìíràn, ni méjì. Wọ́n ti fi ọwọ́ yí ìparí orúkọ wọn padà nígbà kan, bí ẹni pé orúkọ ló ń sọ fáìlì di ohun tó jẹ́. Tí fáìlì kan bá ń dún lórí VLC, áàpù tí a fi ń gbọ́ orin, tí kò sì hàn lórí Spotify, irú èyí ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí, nítorí VLC kì í wo orúkọ, inú fáìlì ló ń wò.

ffmpeg, ètò ọ̀fẹ́ tí a ń kọ àṣẹ fún, ni mo fi yí gbogbo wọn padà. Fún WMA:

ffmpeg -i "orin.wma" -c:a libmp3lame -q:a 2 -id3v2_version 3 "orin.mp3"

Fún ALAC, mo fi -q:a 0 rọ́pò -q:a 2. Bí nọ́ńbà yìí bá ṣe kéré tó ni orin ṣe ń dára tó: 2 máa ń mú nǹkan bí 190 kbps (ìwọ̀n dátà orin ní ìṣẹ́jú àáyá kan) wá, 0 á mú nǹkan bí 245. Kò sí ìdí láti yí WMA padà sí 320. Ohun tó ti dà nù nínú orin nígbà tó di WMA kò ní padà wá. Fáìlì náà á kàn tóbi lásán ni. Láti ṣe gbogbo WMA inú fódà lẹ́ẹ̀kan náà, mo ṣí cmd, ibi tí a ti ń kọ àṣẹ fún Windows, nínú fódà yẹn, mo kọ:

for %f in (*.wma) do ffmpeg -i "%f" -c:a libmp3lame -q:a 2 -id3v2_version 3 "%~nf.mp3"

Tí ẹ bá kọ ọ́ sínú fáìlì .bat, ẹ ní láti sọ % kọ̀ọ̀kan di %%, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kò ní ṣiṣẹ́. Kì í sì í ṣiṣẹ́ nínú PowerShell bó ṣe wà yìí. Ní ti àwọn márùn-ún tó ń parọ́ orúkọ, ffmpeg dá wọn mọ̀ fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n mo ní láti fún fáìlì tuntun ní orúkọ mìíràn, torí kò lè kọ nǹkan lé orí fáìlì tó ń kà lọ́wọ́. WMA tí wọ́n fi ẹ̀tọ́ oníǹkan tì pa kò ní ṣeé yí padà báyìí. Ó dùn mọ́ mi pé kò sí irú rẹ̀ nínú tèmi. Mo kó àwọn fáìlì àtijọ́ lọ sí fódà mìíràn tí Spotify kì í wò. Èmi kì í pa wọ́n rẹ́, pàápàá ALAC.

214 pé. Àwọn kan máa ní kí ẹ yọ áàpù kúrò kí ẹ tún un gbé sórí ẹ̀rọ. N kò ṣe é, torí yíyọ áàpù kò lè sọ WMA di MP3.

Ó kan tag, ìyẹn àwọn ọ̀rọ̀ inú fáìlì tó ń sọ olórin, àwo àti àkọlé. Àkọlé àwọn orin kan gé sí méjì, ẹ, ọ àti ṣ sì di àmì ìbéèrè. ID3v1, ọ̀nà àtijọ́ tí wọ́n fi ń kọ tag, ló ṣe é. Lẹ́tà 30 péré ni àyè tó ní fún àkọlé, kò sì mọ àwọn lẹ́tà wa tó ní àmì nísàlẹ̀. Nínú Mp3tag, áàpù tí a fi ń tún tag ṣe, mo lọ sí Tools, Options, Tags, Mpeg. Mo ní kó máa kọ ID3v2.3 UTF-16, kó sì yọ ID3v1 dà nù. Mo wá tún àkọlé wọ̀nyẹn tẹ̀.

Àṣìṣe mi rèé: mo ti da orin sínú playlist kí n tó tún tag ṣe. Kíá ni orin 12 di aláwọ̀ eérú. Orúkọ tí Spotify fi ń mọ orin ara ẹni rí báyìí:

spotify:local:olórin:àwo:àkọlé:iye ìṣẹ́jú àáyá

Kò sí ibi tí fáìlì wà nínú rẹ̀ rárá. Tí ẹ bá yí lẹ́tà kan padà nínú àkọlé, orin tuntun ni lójú rẹ̀. Èyí tó wà nínú playlist ń wá ẹni tí kò sí mọ́. Mo yọ àwọn 12 náà kúrò nínú playlist, mo tún wọn mú láti Local Files. Ká ní mo ti tún tag ṣe tán kí n tó ṣe playlist ni, wàhálà yìí ì bá má wáyé.

Ohun kan tó jọ ọ́ ni ti ìwárí. Ọ́ tó ní àmì méjì lè wà nínú fáìlì ní ọ̀nà ju ẹyọ kan lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bákan náà ló rí lójú. Tí ẹ bá wá àkọlé tí ẹ kò rí i, ẹ wá orúkọ tí kò ní àmì nínú kí ẹ tó sọ pé orin sọnù.

Ó wá ku fóònù. Àkáǹtì kan náà ni mo lò. Mo tan Local Files nínú Settings rẹ̀, mo ṣí playlist náà, mo tẹ ọfà ìgbàsílẹ̀. Kò mira. Ẹ̀rọ méjèèjì gbọ́dọ̀ wà lórí Wi-Fi kan náà, tèmi sì wà lórí ráútà kan náà, ṣùgbọ́n ìsopọ̀ àlejò ni fóònù wọ̀. Mo gbé e kúrò níbẹ̀. Kò tíì mira síbẹ̀. Mo wo àdírẹ́sì IP fóònù nínú ètò Wi-Fi rẹ̀, mo lọ sí cmd lórí kọ̀ǹpútà, mo kọ ping, àṣẹ tó ń wò bóyá ẹ̀rọ kan ń dáhùn, àti àdírẹ́sì náà. Request timed out ló ń dáhùn. Èyí mú kí n fura pé ráútà ni kò jẹ́ kí wọ́n rí ara wọn. Nínú ojú ìwé ráútà, mo rí AP Isolation, ètò tí kì í jẹ́ kí àwọn ẹ̀rọ orí Wi-Fi rí ara wọn, mo pa á, ping sì bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn.

Ọ̀nà ti là, síbẹ̀ orin kò wá. Ó ku firewall, ìyẹn ògiri ààbò kọ̀ǹpútà. Windows ti ka Wi-Fi ilé sí Public. Mo sọ ọ́ di Private, mo wá lọ sí Allow an app through Windows Firewall, mo fàmì sí Spotify lábẹ́ Private. Ọfà bẹ̀rẹ̀ sí í di àwọ̀ ewé lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo fi Spotify sílẹ̀ ní ṣíṣí lórí ẹ̀rọ méjèèjì, n kò sì jẹ́ kí ojú fóònù kú. Tí VPN bá wà lórí èyíkéyìí nínú wọn, ẹ pa á ná. Ẹni tó ń lo iPhone, láti iOS 14 ni áàpù ti ń gba àṣẹ kó tó lè wo ẹ̀rọ mìíràn lórí Wi-Fi; tí ẹ bá ti tẹ rárá nígbà kan, ẹ lọ tan án lábẹ́ Privacy & Security, Local Network.

Lórí Android, ọ̀nà mìíràn wà tí kò nílò Wi-Fi: ẹ fi okùn USB kó MP3 sínú fódà Music fóònù, kí ẹ tan Show audio files from this device. Láti Android 13, áàpù gbọ́dọ̀ ní àṣẹ Music and audio. Tí fódà kan bá kọ̀ tí kò hàn, ẹ jẹ́ kí File manager fi fáìlì tó fara pamọ́ hàn, kí ẹ wò bóyá .nomedia wà nínú rẹ̀. Fáìlì kékeré yẹn ló ń sọ fún Android pé kó má ka fódà náà. Ẹ pa á rẹ́, kí ẹ pa fóònù kí ẹ tún un tàn.

Láti mọ̀ dájú pé orin ti wà lórí fóònù, mo tan Airplane mode, mo gbọ́ èyí àkọ́kọ́, èyí tó wà láàárín àti èyí tó kẹ́yìn nínú playlist, mo sì fò lọ sí ìdajì ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dún.