Bí A Ṣe Ń Jí Peugeot 504 Àtijọ́ Dìde Pẹ̀lú Bàbá Àfẹ́sọ́nà Ẹni

Ní ọ̀pọ̀ agboolé ní Abẹ́òkúta, Peugeot 504 kan wà lábẹ́ igi máńgòrò tàbí lẹ́yìn ilé, tí òjò ti pa, tí oòrùn sì ti pa, síbẹ̀ tí onílé kò gbà kí àwọn tí ń ra irin àlòkù wọlé wá bá òun dúnàádúrà lé e lórí. Bí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá wà ní ilé àwọn tí o fẹ́ fẹ́ ọmọ wọn, tí bàbá sì ní kí o wá kí ẹ jọ tún un ṣe, iṣẹ́ méjì ló gbé lé ọ lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan náà: iṣẹ́ ọkọ̀ àti iṣẹ́ àna. Oṣù mọ́kànlá ni èmi àti bàbá àfẹ́sọ́nà mi fi ṣe tiwa ní ilé wọn ní Ìtokò, ohun tí mo rí níbẹ̀ ni mo sì ń kọ sílẹ̀ yìí.

Ìbéèrè ni a fi ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà, kì í ṣe sípánà. Dọ̀bálẹ̀ kí bàbá, jókòó tì wọ́n, kí o sì jẹ́ kí wọ́n sọ ìtàn ọkọ̀ wọn láìjá ọ̀rọ̀ gbà mọ́ wọn lẹ́nu. Ọdún 1968 ni Peugeot kọ́kọ́ gbé 504 jáde ní ilẹ̀ Faransé. Pininfarina ti Ítálì ló bá wọn ya ìrísí rẹ̀, ó gba àmì-ẹ̀yẹ ọkọ̀ ọdún ní Yúróòpù ní 1969, ní 1975 ni wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó ní Kàdúná. Láàárín gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, ojú kan náà ni wọ́n ní ṣùgbọ́n inú wọn yàtọ̀: òmíràn ń lo kábúrétọ̀, òmíràn kò lò ó, bírèèkì ẹ̀yìn òmíràn jẹ́ dísìkì, ti òmíràn jẹ́ dúrọ́ọ̀mù, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn èyí tí ó ní ìjókòó ọ̀wọ́ mẹ́ta kò sì bá ti èyí tí ó ní búùtù mu. Ẹni tí kò bá mọ irú èyí tí ó wà níwájú òun yóò ra ohun tí kò ní wọlé. Béèrè ọdún tí bàbá rà á, béèrè bóyá ẹ́ńjìnnì tí ó bá a wá ni ó ṣì wà nínú rẹ̀, kí o sì béèrè ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e sílẹ̀. Bàbá sọ fún mi pé nígbà kan tí wọ́n ń bọ̀ láti Ìbàdàn, omi tán nínú rádíétọ̀, ọkọ̀ náà hó, mẹkáníìkì ẹ̀bá ọ̀nà kan sì pààrọ̀ tọ́pù gáásíkẹ́ẹ̀tì (èdìdì tí ó wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti tọ́pù, ìyẹn ìdérí rẹ̀) lójú ẹsẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ló jẹ́ kí a mọ̀ pé tọ́pù ti tẹ̀, nítorí alumíníọ̀mù ni wọ́n fi ṣe é, ooru àpọ̀jù sì máa ń tẹ̀ ẹ́. A gbé e lọ fún àwọn tí ń fá ojú tọ́pù kí ó tún lè tẹ́jú, kí a tó fi owó ra ohunkóhun mìíràn.

Àwọn ọ̀rẹ́ mi kan ń béèrè ìdí tí a kò fi wá ọkọ̀ alágbára ilẹ̀ Amẹ́ríkà, irú Ford Mustang tàbí Pontiac GTO tí ó jáde ní 1964, tí ẹ́ńjìnnì onípísítìn mẹ́jọ wà nínú wọn. Mo fẹ́ràn àwọn ọkọ̀ wọ̀nyẹn gan-an. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní Mustang ní Abẹ́òkúta yóò máa dúró de ẹ̀yà ara rẹ̀ láti òkè òkun, nígbà tí ó jẹ́ pé a ṣì ń rí ti 504 rà ní ọjà Ládípọ̀ ní Èkó, tí àwọn àgbà mẹkáníìkì tí ó mọ̀ ọ́n tọkàntọkàn sì ṣì wà láàyè ní ìtòsí wa.

Bí ìtàn bá ti parí, wá ìpẹtà. Ká kápẹ́ẹ̀tì kúrò, kó gbogbo ìjókòó jáde, kí o sì fi ẹnu sikirudíráfà gún ilẹ̀ ọkọ̀, etí ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, ilẹ̀ búùtù, abẹ́ rọ́bà gíláàsì iwájú, àti ibi tí orí ṣọ́kì iwájú ti dé ara ọkọ̀ nínú bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ibi tí ó bá wọlé, irin ibẹ̀ ti kú. Má ṣe jẹ́ kí páńẹ́lì bítà fi fílà (ohun rírọ̀ tí wọ́n máa ń fi dí ihò kí wọ́n tó kun ọ̀dà) dí i, nítorí omi yóò máa jẹ ẹ́ lábẹ́ ọ̀dà títí yóò fi já; kí wọ́n gé e títí dé ibi tí irin ti mọ́, kí wọ́n sì jó irin tuntun mọ́ ọn. Bí orí ṣọ́kì bá ti jẹrà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, sọ fún bàbá pẹ̀lú ọ̀wọ̀ kí owó tó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ìyẹn ni ọ̀rọ̀ tí ó le jù láti sọ, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí orí ṣọ́kì rẹ̀ kò dúró kò yẹ kí ó gbé ènìyàn.

Nígbà tí ẹ bá ń tú u, ya àwòrán ohun gbogbo kí o tó yọ ọ́. Bàbá kò gbẹ́kẹ̀ lé fóònù mi. Agolo mílíìkì ni wọ́n kó jọ, ó tó ogójì, wọ́n lẹ púlásítà funfun mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń fi ọwọ́ ìkọ̀wé olùkọ́ àtijọ́ kọ ọ́ sí i lára: «Ilẹ̀kùn òsì, òkè», «Mẹ́ta, ó gùn jù». Ní oṣù kẹjọ tí a ń tò ó padà, fóònù náà ti bàjẹ́, agolo sì wà lórí pẹpẹ bí wọ́n ṣe tò wọ́n. Láti ìgbà náà, méjèèjì ni mo máa ń gba ènìyàn níyànjú láti lò.

Ẹ́ńjìnnì tí ó ti pẹ́ láìṣiṣẹ́ kò yẹ kí a fi bátìrì jí. Yọ púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, da dísẹ́ẹ̀lì tí a pò mọ́ òróró jíà ọtọmátíìkì díẹ̀ sí ojú ihò kọ̀ọ̀kan, fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, kí o sì fi sípánà yí i díẹ̀díẹ̀ lọ síwájú àti sẹ́yìn títí yóò fi tú. Níbí ni mo ti ṣe àṣìṣe tí ó dùn mí jù. Láínà inú ẹ́ńjìnnì 504, ìyẹn irin oníhò tí písítìn ń rìn nínú rẹ̀, kò lẹ̀ mọ́ bọ́lọ́ọ̀kì, ara ẹ́ńjìnnì gan-an. Inú omi ni wọ́n dúró sí, tọ́pù ló tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀, gáásíkẹ́ẹ̀tì tín-ín-rín kan sì wà ní ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan tí kò jẹ́ kí omi bá ọ́ìlì pò. Lẹ́yìn tí a ti gbé tọ́pù kúrò, tí bàbá wọlé lọ kírun, mo yí kánkíṣáàfù, ọ̀pá tí ń gbé písítìn lọ sókè sódò, láti wo písítìn, láínà méjì sì gbéra sókè lójú mi. Mo lọ sọ fún wọn kí wọ́n tó jáde wá bá a. Wọn kò pariwo. Wọ́n ní kí n gbé àga wá, wọ́n sì fi irin pẹlẹbẹ àti bóòtù hàn mí bí a ṣe ń di láínà mọ́lẹ̀ kí a tó yí ohunkóhun. A ní láti tú láínà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí a sì pààrọ̀ gáásíkẹ́ẹ̀tì ìdí wọn. Nítorí náà, di láínà mọ́lẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tí tọ́pù bá ti kúrò.

Bírèèkì gbọ́dọ̀ ṣáájú ìgbà tí ọkọ̀ yóò kọ́kọ́ rìn. Da òróró bírèèkì àtijọ́ nù pátápátá, pààrọ̀ gbogbo rọ́bà páìpù rẹ̀ kódà bí ojú wọn bá ṣì dán, kí o sì fọ táǹkì epo kí ìdọ̀tí rẹ̀ má bàa dí kábúrétọ̀. Títún kọ́ńtàkì sẹ́ẹ̀tì, èyí tí ń jẹ́ kí iná dé púlọ́ọ̀gì lásìkò, kò ju ìlàjì wákàtí lọ, àlàfo rẹ̀ jẹ́ 0.4 mìlímítà. Ní ti wáyà, pe rewáyà tí ó dàgbà, nítorí àwọn tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ nìkan ni wọ́n mọ̀ máa ń gé ohun tí kò yẹ kí wọ́n gé.

Ọ̀dà ni ìkẹyìn, kí ẹ sì yan àkókò rẹ̀. Nígbà òjò, ọ̀rinrin máa ń mú kí ọ̀dà funfun bí ẹni tí èéfín bò. Nígbà ọyẹ́, eruku yóò lẹ̀ mọ́ ọn. Oṣù Kọkànlá, lẹ́yìn tí òjò bá ti lọ tí ọyẹ́ kò sì tíì dé, ni ó dára jù ní agbègbè wa. Bàbá ni kí ó yan àwọ̀. Èmi fẹ́ pupa, wọ́n sì mú àwọ̀ ewé tí ó wà lára rẹ̀ láti ilé. Nígbà tí mo rí i nínú oòrùn, mo mọ̀ pé àwọ̀ náà ló tọ́ sí i.

Ní ti owó, ẹ jọ kọ ọ́ sínú ìwé kan láti ọjọ́ kìíní, ẹni tí ó san àti ohun tí ó rà. Bí bàbá bá sì sọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀ níwájú mẹkáníìkì, má ṣe tún un sọ níbẹ̀. Dúró di ìgbà tí ẹ bá ku ẹ̀yin méjì, kí o sì fi í ṣe ìbéèrè. Ó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ tí mo rò pé wọ́n ṣì í, tí ó jẹ́ pé èmi ni n kò mọ̀.

Bí ọkọ̀ bá ti ń rìn, rọra wà á fún nǹkan bí 1000 kìlómítà, má ṣe gbé ẹrù gun òkè, kí o sì máa wo omi àti ọ́ìlì láràárọ̀. Bí ọ́ìlì bá ti funfun bí ẹ̀kọ gbígbóná, omi ti wọ̀ ọ́, dá a dúró. Lẹ́yìn ìrìn yẹn, tún bóòtù tọ́pù dì bí ìwé ọkọ̀ náà ṣe là á sílẹ̀, kí ẹ sì tún àlàfo tápẹ́ẹ̀tì, àwọn tí ń ṣí fáfù ẹ́ńjìnnì, wọ̀n nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù: 0.10 mìlímítà fún èyí tí ń gba afẹ́fẹ́ wọlé, 0.25 fún èyí tí ń tú èéfín jáde. Bàbá ni ó ń mú irin ìwọ̀n náà ní tiwa. Èmi ni mo máa ń yí kánkíṣáàfù nígbà tí wọ́n bá ní kí n yí i.