Bẹ́ ẹ ṣe lè kó àwọn ọmọ láti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ wo ìdíje ọkọ̀ ojú omi ní Ẹ̀pẹ́

Ọlídé gígùn ti fẹ́ dé, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má jẹ́ káwọn ọmọ jókòó sídìí tẹlifíṣọ̀n láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ àti ọmọ Ọ̀yọ́ tó ti dàgbà tí ò tíì rí ọ̀sà rí pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ó sì máa ń dùn mí, torí Yorùbá náà làwọn tó ń gbé létí omi yẹn.

Déètì lẹ máa kọ́kọ́ wádìí. Àwọn Èkó Ẹ̀pẹ́, ìyẹn àwọn ará Ẹ̀pẹ́ tí orírun wọn jẹ́ Èkó, máa ń ṣe ọdún Káyókáyó, wọ́n fi ń rántí bí Ọba Kòsọ́kọ́ àtàwọn èèyàn ẹ̀ ṣe sá kúrò l'Ékòó wá tẹ̀dó síbẹ̀ lẹ́yìn táwọn Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu ìlú lóṣù Kejìlá 1851, ìgbà yẹn lọkọ̀ máa ń jáde. Ẹ̀yìn Iléyá ló máa ń bọ́ sí, òṣùpá la sì fi ń ka Iléyá, ó ń fi bí ọjọ́ 11 tètè dé sí i lọ́dọọdún, torí ẹ̀ kì í bá ọlídé mu nígbà gbogbo. Ẹ pe ẹni tó ń gbé níbẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó mọ́tò.

Ẹ wọkọ̀ ní Tákíè dé Ìbàdàn, kẹ́ ẹ gba Ìjẹ̀bú-Òde, Ẹ̀pẹ́ ò jìnnà síbẹ̀ mọ́. Ẹ má ṣe é ní àlọ-àbọ̀ ọjọ́ kan o, ẹ dé lọ́jọ́ tó ṣáájú kẹ́ ẹ sùn, torí ìrọ̀lẹ́ yẹn lẹ máa ráyè bá àwọn apẹja sọ̀rọ̀ létí omi, àwọn ọmọ á béèrè gbogbo ohun tí wọ́n bá fẹ́ béèrè. Kí wọ́n kí àgbà dáadáa, kí wọ́n sì tọrọ àyè kí wọ́n tó fọwọ́ kan ọkọ̀ tàbí ìlù.

Tí ọkọ̀ bá ti ń bọ̀, ẹ ní kí wọ́n máa wo ẹni tó wà lẹ́yìn pátápátá, òun ló ń darí. Àwọn tó kù gbọ́dọ̀ jọ ti àjẹ̀ bọmi lẹ́ẹ̀kan náà, bí ìgbà téèyàn mẹ́ta ń gún iyán nínú odó kan ló rí, bí ọwọ́ ẹnì kan bá yàtọ̀, gbogbo ẹ̀ dàrú, ọkọ̀ á kàn máa mì ni. Orin ló ń jẹ́ kọ́wọ́ wọn bára mu. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ ló ń sáré o, àwọn kan kàn fẹ́ ká rí ẹwà wọn ni, aṣọ kan náà lára gbogbo wọn.

Tẹ́yin náà bá fẹ́ wọkọ̀, láìfú jákẹ́ẹ̀tì, ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì, ṣáájú ohunkóhun. Ẹ dì í fún ọmọ, kẹ́ ẹ di èjìká ẹ̀ mú kẹ́ ẹ fà á sókè, tó bá gun orí etí, ó ti tóbi jù, ẹ gba òmíì. Tí wọn ò bá ní tọmọdé, ẹ má wọ ọkọ̀ náà, mi ò fẹ́ gbọ́ "kò sí nǹkan tó máa ṣe é." Ọkọ̀ tó bá ti kún jù náà, ẹ jẹ́ kó lọ, ilẹ̀ ò sì gbọdọ̀ ṣú bá yín lórí omi.

Kẹ́ ẹ tó kúrò, ẹ yà ní ọjà Olúwo fún ẹja. Ẹja yíyan ni kẹ́ ẹ rà, tútù ò ní dé Ògbómọ̀ṣọ́ láyọ̀ àfi tẹ́ ẹ bá gbé kúlà àti áìsì bulọ́ọ̀kù dání.