Mo pa fáìlì rẹ́, ààyè tún dín sí i

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko àti dátà tí mo rà lẹ́ẹ̀mejì ni rọ́tà àlòkù kan jẹ mí, lórí ohun tí ẹni tó tà á ì bá ti fi gbólóhùn kan là mí lóye. Flash rẹ̀, ibi tó ń kó fáìlì sí, ò ju 8MB, OpenWrt, ètò ọ̀fẹ́ tó ń darí rọ́tà, ti wà lórí rẹ̀. Kí ni mo tilẹ̀ fẹ́? sqm-scripts lásán, ètò tó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì dọ́gba, kí oníbàárà kan má baà máa wa fíìmù sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mi kí íntánẹ́ẹ̀tì àwọn yòókù máa rákòrò.

Opkg, irinṣẹ́ tí OpenWrt yìí fi ń gbé ètò wọlé, ní kò sí ààyè. Mo tẹ `df -h` láti wo ààyè tó kù, mo rí i pé /rom, ibi tí ètò ìpilẹ̀ rọ́tà wà, ti kún, 100%. Àyà mi já. Bí ilé bá kún, ẹrù là á kó dànù, àbí? Mo yọ ppp, mo yọ ppp-mod-pppoe, ètò ìsopọ̀ íntánẹ́ẹ̀tì kan ni wọ́n, mi ò lò wọ́n. Mo tún tẹ df. Ààyè tó kù ní /overlay, ibi tí gbogbo àyípadà tí mo bá ṣe ń lọ, tún dín! Mo pa rọ́tà, mo tàn án, bákan náà ni. Mo yọ méjì mìíràn, ó tún dín sí i. Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo bú rọ́tà, mo bú ẹni tó tà á, mo wá bú ara mi kún un.

Ọjọ́ kejì ni mo tó yọjú wo inú /overlay/upper. Orúkọ gbogbo fáìlì tí mo ní mo pa ló tò síbẹ̀, `c---------` níwájú, `0, 0` níbi tó yẹ kí ìwọ̀n wà. Ìgbà yẹn ni ojú mi là. SquashFS, ọ̀nà ìkófáìlì tí a kì í kọ nǹkan sí, ló wà ní /rom, kíkà nìkan ni. Wọ́n ti fún un pọ̀ mọ́ra látìgbà tí wọ́n ti ṣe firmware, ìyẹn odindi ètò tó ń mú rọ́tà ṣiṣẹ́, ẹnikẹ́ni ò lè fa nǹkan kan yọ níbẹ̀ mọ́. 100% ni df yóò máa pè é títí ayé. Tí o bá ní kí overlayfs, tó ń da /rom àti /overlay pọ̀ bí ẹyọ kan, pa fáìlì inú /rom, irú àmì tí mo rí yẹn ló máa fi bò ó, àmì náà á sì jẹ nínú JFFS2, ọ̀nà ìkófáìlì ti /overlay, tín-ń-tín tó kù fún ọ. Bí ẹni ń lẹ bébà mọ́ ọ̀rọ̀ inú ìwé ni: ọ̀rọ̀ ò kúrò, ìwé tún nípọn sí i.

Mo bá fi Image Builder, irinṣẹ́ OpenWrt fún ṣíṣe firmware, ṣe tèmi lórí kọ̀ǹpútà. Ìyẹn ò le, èyí tó ní àmì - níwájú ni kó yọ:

`PACKAGES="luci luci-app-sqm -ppp -ppp-mod-pppoe"`

Ẹ má gbàgbé `luci`, ojú ìwé tí a fi ń ṣètò rọ́tà, o! Mo gbàgbé ẹ̀ nígbà àkọ́kọ́, 192.168.1.1, àdírẹ́sì rọ́tà, ò ṣí, ssh, tí a fi ń tẹ àṣẹ sí i láti kọ̀ǹpútà, ni mo fi wọlé bí olè. Ẹ̀ẹ̀kejì ló bọ́ sí i. Sqm wọlé, ààyè tún ṣẹ́ kù, torí SquashFS lè kó tó 1MB pọ̀ fún lẹ́ẹ̀kan, nígbà tí JFFS2 ń fún tirẹ̀ ní 4KB, 4KB.

Mi ò tún fọwọ́ kan `opkg upgrade`, àṣẹ tó ń sọ ètò di tuntun, mọ́ láti ìgbà náà. Ẹ̀dà tuntun á lọ jókòó sí overlay, ti àtijọ́ ò ní kúrò ní /rom. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n mú iná lọ níbi tí mo ti ń yí ètò padà lọ́wọ́, overlay dàrú. Mo wọ failsafe, ọ̀nà àbáwọlé pàjáwìrì rọ́tà, mo tẹ `firstboot`, tó ń nu overlay kúrò, kò pé ìṣẹ́jú márùn-ún tí ó fi dìde, sqm wà níbẹ̀ digbí. Onífíìmù wa ṣì ń bi mí pé kí ló ń ṣe íntánẹ́ẹ̀tì mi.