Àmì 256 dípò 65,536: ọjọ́ mẹ́ta tí mo fi ṣòfò

Ìṣẹ́jú 9 ni simulation mi (àfarawé tí kọ̀ǹpútà ń ṣe) ń lò lórí àmì kan ṣoṣo, ìyẹn iye páràmítà méjì tí mo ń kó fún un. Àmì 65,536 ni MCMC, ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣa àmì bí ó ṣe ṣeé ṣe kí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ òótọ́ tó, sì kó lé mi lọ́wọ́. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: ọjọ́ 409. Ta ló ní irú àkókò bẹ́ẹ̀?

Mo kọ́kọ́ ṣe ọ̀lẹ. Mo mú ẹyọ kan nínú 256 kọ̀ọ̀kan, ó ku 256. Ìdá 5 nínú 100 tó ga jù lọ, níbi tí wàhálà gan-an wà, àmì 13 ló yẹ kó bọ́ síbẹ̀. 6 péré ni mo rí. Bí ẹ bá ń ṣà á bẹ́ẹ̀, tí ẹ fẹ́ kí àṣìṣe dín sí ìdajì, àmì ìlọ́po mẹ́rin ni yóò ná yín.

Ni mo bá yà sí kernel thinning, ọ̀nà láti dín àmì kù tí Dwivedi àti Mackey gbé jáde ní 2021. Kernel ni ìṣirò tó ń fi ìjìnnà àmì méjì mọ bí wọ́n ṣe jọra tó. Méjì-méjì ló ń mú àmì, á dá ọ̀kan sí, á ju ìkejì nù, á sì máa ṣọ́ ọ kí ìyókù ṣì jọ odidi. Ìpele mẹ́jọ, 65,536 di 256. Kóòdù rẹ̀ ò le.

Àmọ́ èsì rẹ̀ ò sàn ju ti ọ̀lẹ lọ! Kóòdù ni mo fura sí, mo tú u palẹ̀, mo tún un kọ. Kò yí padà. Mo fẹ ìbú kernel, mo tún fún un, títí tí ojú mi fi ń ṣú. Lọ́jọ́ kẹta, inú bí mi, mo mú àmì méjì péré, (5,000, 0.01) àti (5,001, 0.05), mo ní kí kọ̀ǹpútà sọ bí wọ́n ṣe jìnnà síra. 1.0008! Páràmítà kejì ti rin láti ìsàlẹ̀ pátápátá dé òkè téńté, gbogbo ohun tó rí fi kún un ni 0.0008. Àṣé kernel ò tiẹ̀ rí i rárá. Páràmítà kan ṣoṣo ló ń bá mi ṣà.

Mo yọ mean (ìpíndọ́gba) kúrò lára páràmítà kọ̀ọ̀kan, mo fi standard deviation rẹ̀ (bí àwọn iye rẹ̀ ṣe fọ́nká tó) pín in. Ìlà kóòdù méjì. Àmì 13 pé síbi tó yẹ kó wà, mean àti variance (standard deviation ní ìlọ́po ara rẹ̀) náà bá ti odidi mu. Mo fò sókè.

Bó bá jẹ́ páràmítà kan ṣoṣo lẹ ní, tó sì jẹ́ normal (tí àwòrán bí iye rẹ̀ ṣe pín rí bí agogo), ẹ má tilẹ̀ dá gbogbo èyí láàmú: àmì mẹ́ta Gauss-Hermite (ìlànà tó ń fi àmì díẹ̀ rọ́pò odidi), 0 àti ±1.732 standard deviation sí mean, pẹ̀lú ìwọ̀n 2/3, 1/6, 1/6, ti tó fún ọ̀pọ̀ iṣẹ́. Tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ kọ́kọ́ wo ìjìnnà àmì méjì kí ẹ tó fọwọ́ kan kernel.

Simulation parí ní wákàtí 38. Wákàtí 72 ni mo fi wá ìlà méjì yẹn.