Bí mo ṣe pààrọ̀ béárìn kọ́nrọ́ọ̀dù M3 mi kí ẹ́ńjìn tó nọ́ọ̀kì

Ẹ́ńjìn mi ò nọ́ọ̀kì o. Ìyẹn ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ, torí gbogbo ẹni tó gbọ́ pé mo fẹ́ já sọ́ǹpù, agbada ọ́ìlì tó wà nísàlẹ̀ ẹ́ńjìn, sílẹ̀ ló ń bi mí pé kí ló ṣe é, tí mo bá sì ti ní kò ṣe nǹkan kan, wọ́n á kàn máa wò mí ni. Ó ń sítáàtì lẹ́ẹ̀kan, ó ń fà bó ṣe yẹ kó fà, iná kankan ò tàn lórí dáṣíbọ́ọ̀dù. BMW M3 E92 ni, èyí tó ní V8 lítà mẹ́rin tí wọ́n ń pè ní S65, ó sì ti rin kìlómítà 98,000. Etí mi ò gbọ́ nǹkan kan, ọ́ìlì ló tú àṣírí ẹ̀.

Ìgbà méjì tẹ̀lé ara wọn tí mo ṣe sáfíìsì, mo gbé ike kékeré sábẹ́ ọ́ìlì bó ṣe ń dà jáde, mo bu díẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí ibi tí wọ́n ti ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá irin wà nínú ẹ̀. Nínú ẹ̀ẹ̀kejì yẹn, òjé tó wà níbẹ̀ ju ìlọ́po méjì ti àkọ́kọ́ lọ, bẹ́ẹ̀ kìlómítà tí ọ́ìlì méjèèjì rìn fẹ́rẹ̀ẹ́ bára dọ́gba. Òjé kì í ṣàdédé wọnú ọ́ìlì. Kọ́nrọ́ọ̀dù ni ọ̀pá tó so pístìnì mọ́ kíráǹkì, irin gbọọrọ tó ń yí nísàlẹ̀ ẹ́ńjìn, béárìn sì ni abala irin tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tó wà láàárín kọ́nrọ́ọ̀dù àti kíráǹkì. Béárìn tí wọ́n fi sínú ẹ́ńjìn yìí láwọn ọdún àkọ́kọ́, òjé ló wà lójú ẹ̀, bàbà wà lábẹ́ òjé, irin wá wà lẹ́yìn pátápátá. Tí òjé bá ti ń pọ̀ sí i nínú ọ́ìlì, ojú béárìn ló ń lọ yẹn. Àmọ́ ẹ kíyè sí eléyìí o, àwọn tí wọ́n ṣe lọ́wọ́ ìparí ò lo òjé mọ́, àlùmíníọ́mù àti tin ni wọ́n fi ṣe é, tó bá jẹ́ irú ẹ̀ ló wà nínú tiyín, ẹ má wo òjé tó kéré kí ẹ wá fọkàn balẹ̀, àwọn méjì yẹn ni kí ẹ máa wò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́ díẹ̀, torí ìgbà tó yé mi ni mo tó gbà láti ṣe é. Béárìn àti kíráǹkì ò gbọ́dọ̀ fara kan ara wọn rárá, ọ́ìlì ló wà láàárín wọn, orí ọ́ìlì yẹn ni kíráǹkì ti ń léfòó tó bá ti ń yí. Àlàfo tí ọ́ìlì wà yẹn, òfin tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ́ ẹ́ńjìn ń tẹ̀ lé ni pé kó tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìwọ̀n ìbú ibi tí béárìn dì mú. Nínú S65, ibẹ̀ jẹ́ mìlímítà 52, ìyẹn ni pé àlàfo yẹn ì bá tó bíi mìlímítà 0.05, bíi kí irun orí ẹyọ kan nípọn tó. Ti S65 fún ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọ́ìlì tó sì ń mu jẹ́ 10W-60, tó máa ń ki tí ẹ́ńjìn bá tutù. Ẹ wá rò ó wò, ẹ́ńjìn tó ń yí dé 8,400 láàárín ìṣẹ́jú kan, ìgbà 140 nìyẹn láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, pístìnì ń lọ sókè ó ń bọ̀ nílẹ̀, mìlímítà 75.2 ni ìrìn ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, tí ẹ bá ṣe ìṣirò ẹ̀ ó ń rin bíi mítà 21 ní gbogbo ìṣẹ́jú àáyá. Gbogbo agbára yẹn, abala béárìn tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló ń gbà á sára. Ẹni tó bá wá tẹná nígbà tí ọ́ìlì ṣì ki, irin á fara gbo irin kí ọ́ìlì tó débẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn iná olómi ọsàn fi wà létí aago RPM, èyí tó ń ka bí ẹ́ńjìn ṣe ń yí tó, tí wọ́n ń kú díẹ̀díẹ̀ bí ọ́ìlì ṣe ń gbóná, wọn ò fi ṣe ọ̀ṣọ́ o, ibi tí wọ́n bá tàn dé, ẹ má gbé ẹ́ńjìn débẹ̀.

Ọ̀rọ̀ béárìn yìí ti pẹ́ nínú ìdílé ẹ́ńjìn wọ̀nyí. Ní 2003 wọ́n pe àwọn M3 E46 kan padà wá pààrọ̀ ọ, S54 oní sílíńdà mẹ́fà ló wà nínú ìyẹn, àwọn tó ní M5 E60 oní V10 náà mọ ohun tí mò ń sọ. Ẹ jẹ́ n padà sórí iṣẹ́.

Àbúrò mi ló bá mi ṣe é, ọjọ́ mẹ́ta ló sì gbà wá, a ò sáré. Sọ́ǹpù ò lè jáde tí subframe iwájú, irin ńlá tó dábùú lábẹ́ ẹ́ńjìn, bá wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ orí subframe yẹn ni ẹ́ńjìn síìtì jókòó lé, torí náà òkè la ti gbé ẹ́ńjìn kọ́ sórí ọ̀pá tó dábùú láti fẹ́ńdà kan sí ìkejì. Mo da ọ́ìlì, mo tú àwọn ìbòrí abẹ́ ọkọ̀, mo fi àwọ̀ sàmì sí ibi tí ọ̀pá sítíárìn ti wọlé sínú ráàkì kí n tó tú u, mo sì so sítíárìn mọ́ ibi kan kó má yí, torí tó bá yí nígbà tí ọ̀pá ò sí níbẹ̀, wáyà tó wà lábẹ́ họ́ọ̀nù máa já. A tú síìtì, a sọ subframe kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lórí jáàkì. Sọ́ǹpù tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni paipu tí pọ́ǹpù fi ń fa ọ́ìlì. Ìgbà tí a máa fi tànmọ́lẹ̀ sókè, kíráǹkì ló ń wò wá yẹn.

Kọ́nrọ́ọ̀dù mẹ́jọ ló wà, méjì méjì ló dì mú ibì kan náà lára kíráǹkì. Mo fi súpánà mú bóòtù tó wà níwájú kíráǹkì, mo ń yí i lọ́wọ́, ìdá mẹ́rin òbìrí kan lẹ́ẹ̀kan, méjì á sọ̀ kalẹ̀ sọ́dọ̀ mi, màá ṣe méjèèjì tán, màá tún yí i. Mi ò tú ju méjì lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdérí kọ́nrọ́ọ̀dù inú ẹ́ńjìn yìí, wọn ò gé e, ṣe ni wọ́n là á bí ẹni la igbá, ojú ibi tó là yẹn rí ṣákaṣàka, ìdérí kan ò sì lè bá kọ́nrọ́ọ̀dù mìíràn mu láé, kódà tí ẹ bá yí tirẹ̀ gan-an sódì kò ní jókòó. Mi ò fi aṣọ nu ojú yẹn torí òwú lè há síbẹ̀, atẹ́gùn ni mo fẹ́ sí i. Mo tẹ́ páálí sílẹ̀, mo kọ 1 dé 8 sára ẹ̀, òkè àti ìsàlẹ̀, béárìn tó bá jáde ń lọ sí àyè ẹ̀.

Àkọ́kọ́ àti ìkejì kò burú, wọ́n kàn ní ìlà díẹ̀díẹ̀. Ó ń jọ pé mo ti ṣe wàhálà lásán. Ìgbà tí a dé nọ́ńbà 3, mo ti ìdérí sọ́wọ́ àbúrò mi, mo rọra ti kọ́nrọ́ọ̀dù sókè kí n lè yọ abala tòkè, ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó gbé e sábẹ́ iná, ó dákẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wá wò ó."

Láàárín gbùngbùn ẹ̀, àwọ̀ eérú yẹn ti lọ. Ibi tó fẹ̀ tó èékánná àtàǹpàkò ti pọ́n rẹ̀ràrẹ̀rà, bàbà ti yọjú, etí ẹ̀ sì ní àwọn ojú kékeré kékeré bí ibi tí kòkòrò ti jẹ. Bẹ́ẹ̀ ẹ́ńjìn yìí dákẹ́ rọ́rọ́ lánàá o. Nọ́ńbà 6 náà rí bẹ́ẹ̀, àmọ́ kò pọ̀ tó yẹn. Ohun tó dẹ́rù bà mí jù ni kíráǹkì fúnra ẹ̀, torí béárìn ṣeé rà, ṣùgbọ́n tí kíráǹkì bá ti gé, ẹ́ńjìn gbọ́dọ̀ jáde nìyẹn. Mo nu ibẹ̀ mọ́, mo fi èékánná fa orí ẹ̀ láti etí kan dé èkejì, mo di mí mú, kò há níbì kankan. Ó ń dán, ó ń yọ̀. Mo fà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó tó dá mi lójú.

Àwọn tuntun tí mo rà, wọ́n ṣe é kí àlàfo ọ́ìlì fẹ̀ díẹ̀ ju ti àtijọ́ lọ. Mo wọ̀n ọ́n kí n tó gbà, mo gé okùn Plastigage kékeré, okùn rírọ̀ tí wọ́n fi ń wọn àlàfo, sórí kíráǹkì láìsí ọ́ìlì níbẹ̀, mo dé e, mo fún bóòtù, mo tún tú u, mo wá fi bébà rẹ̀ wo bí okùn náà ṣe tẹ́ tó. Ó bọ́ sí bíi mìlímítà 0.05. Bóòtù àtijọ́ ni mo fi ṣe ìwọ̀n yìí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fi tuntun ṣe é, torí irú bóòtù yìí máa ń nà nígbà tí a bá fún un, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló wà fún.

Ẹ̀yìn béárìn gbọ́dọ̀ gbẹ, kó mọ́ tónítóní, ojú ẹ̀ nìkan ni mo fi òróró tí wọ́n fi ń to ẹ́ńjìn pọ̀ pa. Bóòtù wá ni iṣẹ́ tó le jù, kì í ṣe torí agbára, torí ìfọkànsí ni. Ẹ máa kọ́kọ́ fún un dé ìwọ̀n torque wrench, súpánà tó ń wọn agbára tí a fi fún bóòtù, ẹ tún wá yí i dé ìwọ̀n igun, nọ́ńbà tó bá bóòtù tí ẹ rà wá gan-an ni kí ẹ tẹ̀ lé, torí bóòtù ilé iṣẹ́ kan yàtọ̀ sí ti òmíràn. Ní alẹ́ ọjọ́ kejì, lórí nọ́ńbà 5, fóònù dún, mo dáhùn, ìgbà tí mo padà mi ò lè fi gbogbo ẹnu sọ ọ́ bóyá mo ti yí bóòtù kejì dé igun ẹ̀ tàbí mi ò tíì yí i. Àbúrò mi ní òun rò pé mo ti yí i. Mo ní "rírò" kọ́ la fi ń ti ẹ́ńjìn yìí pa, mo tú u, mo jù ú nù, mo fi tuntun sí i. Mo dúpẹ́ pé 18 ni mo rà dípò 16. Látìgbà yẹn, bí mo bá ti ṣe ọ̀kan tán, àwọ̀ funfun ni mo fi ń fa ìlà sórí ẹ̀ kí ọwọ́ mi tó kúrò níbẹ̀, mo sì ń yí kíráǹkì lọ́wọ́ lẹ́yìn ìdérí kọ̀ọ̀kan kí n mọ̀ bóyá ó ń há.

Sọ́ǹpù padà pẹ̀lú gáskẹ́ẹ̀tì tuntun, subframe padà, sítíárìn bá àmì ẹ̀ mu. Ọ́ìlì lítà 8.8 àti fíltà tuntun. Mo yọ fíúsì fúẹ́lì pọ́ǹpù kí ẹ́ńjìn má bàa gbiná, mo ń fi sítátà yí i díẹ̀díẹ̀, mò ń sinmi láàárín, títí iná ọ́ìlì fi kú. Ìgbà yẹn ni mo tó dá fíúsì padà. Ó gbiná lẹ́ẹ̀kan. Àbúrò mi dọ̀bálẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, ó gbé etí sílẹ̀, ó ní kò sí nǹkan, ọ́ìlì ò jò, ariwo ò sí. Mo jẹ́ kó gbóná títí gbogbo iná ọsàn yẹn fi kú kí n tó gbé e jáde, lọ́jọ́ kejì mo lọ ṣe aláínmẹ́ǹtì.

Kìlómítà 1,000 àkọ́kọ́, mi ò tẹná dé òkè rárá. Lẹ́yìn náà mo da ọ́ìlì yẹn, mo gé fíltà, mo na bébà inú ẹ̀ sábẹ́ iná, mo ń wá ohun tó ń dán láàárín ìṣẹ́po kọ̀ọ̀kan. Mi ò rí nǹkan kan. Mo bu ọ́ìlì díẹ̀ sínú ike, mo kọ nọ́ńbà kìlómítà sára ẹ̀, òun ni màá fi wé tòmíràn.