Bí Mo Ṣe Ya Àwọn Michael Collins Sọ́tọ̀ Nínú Atọ́ka Ìwé Kan

Ní ìparí ọdún tó kọjá, iṣẹ́ kan bọ́ sí mi lọ́wọ́: kí n ṣe atọ́ka orúkọ, ìyẹn àkójọ orúkọ àti ojú ìwé tí a ti lè rí wọn, fún ìwé ìtàn ńlá kan tí orí kan nínú rẹ̀ dá lé Írẹ́lándì láti ìgbà ogun òmìnira títí di òde òní, tí orí mìíràn sì dá lé ìrìn àjò sí òṣùpá. Mo rò pé ọ̀sẹ̀ kan yóò tó fún un. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo lò, orúkọ kan ṣoṣo ni ó sì jẹ ọjọ́ mẹ́rin gbáko nínú rẹ̀: Michael Collins.

Bí mo ti máa ń ṣe ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀. Mo ní kí kọ̀ǹpútà wá orúkọ kọ̀ọ̀kan kiri inú ìwé náà, kí ó sì to ojú ìwé tí ó bá ti rí i tẹ̀ léra. Nígbà tí mo tẹ àbájáde rẹ̀ sórí bébà, tí mo sì jókòó tì í pẹ̀lú bírò pupa, mo rí i pé gẹ́gẹ́ bí atọ́ka mi ti wí, ọkùnrin kan wà tí wọ́n yìnbọn pa ní Béal na Bláth, ní agbègbè Cork ní Írẹ́lándì, ní ọdún 1922, tí ó yí òṣùpá ká ní ọdún 1969, tí wọ́n sì tún dìbò yàn sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní ọdún 2016. Ẹ̀rín kọ́kọ́ pa mí, lẹ́yìn náà ni ara mi bù máṣọ, nítorí pé ọjọ́ tí olóòtú fún mi kò jìnnà mọ́.

Mo pa kọ̀ǹpútà tì. Mo gé páálí sí pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, mo kọ gbólóhùn kọ̀ọ̀kan tí orúkọ náà ti jẹ yọ sórí páálí tirẹ̀ pẹ̀lú ojú ìwé rẹ̀, páálí 39 ni mo sì kà. Mo wá ń pín wọn sí òkìtì òkìtì lórí tábìlì.

Èyí tó pọ̀ jù jẹ́ ti aṣíwájú ìjà òmìnira, ẹni tí a bí nítòsí Clonakilty ní agbègbè Cork ní ọjọ́ 16 oṣù kẹwàá ọdún 1890, tí ó ti ń ṣiṣẹ́ ní London láti ọmọ ọdún 15, tí ó padà wá jà nínú ọ̀tẹ̀ ọdún 1916 ní Dublin, tí ó wà lára àwọn tí ó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pẹ̀lú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní oṣù kejìlá ọdún 1921, tí àwọn tí ó tako àdéhùn náà sì pa ní ọjọ́ 22 oṣù kẹjọ ọdún tó tẹ̀ lé e. Òkìtì kejì jẹ́ ti ará Amẹ́ríkà kan tí bàbá bàbá rẹ̀ ṣí kúrò ní Írẹ́lándì. Rome ni wọ́n bí i sí ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1930, nítorí pé iṣẹ́ ológun gbé bàbá rẹ̀ lọ síbẹ̀. Òun ni ó ń wa ọkọ̀ òfuurufú Columbia yí òṣùpá ká nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Neil Armstrong àti Buzz Aldrin, sọ̀ kalẹ̀ sórí òṣùpá, tí ó sì jẹ́ pé nígbàkígbà tí ó bá kọjá sí ẹ̀yìn òṣùpá, bí ìṣẹ́jú 48 ni kò fi ní gbúròó ẹnikẹ́ni. Mo jẹ́wọ́ pé mo pa iṣẹ́ tì, tí mo ka orí yẹn tán.

Ẹ kíyè sí i pé oṣù kan náà ni wọ́n bí àwọn méjèèjì. Ìdí nìyí tí páálí kan fi dá mi lágara, tí kò sọ ju pé Collins pé ọgbọ̀n ọdún ní oṣù kẹwàá. Ọdún 1920 ni, àbí 1960? Mo padà sí ojú ìwé náà, mo ka ìlà mẹ́rin tó ṣáájú, mo sì bá ikú Terence MacSwiney níbẹ̀, olórí ìlú Cork tí ó febi para rẹ̀ kú sí ẹ̀wọ̀n Brixton ní ọjọ́ 25 oṣù kẹwàá ọdún 1920. Páálí náà bọ́ sí òkìtì rẹ̀. Láti ìgbà náà ni n kò ti gbẹ́kẹ̀ lé gbólóhùn kan ṣoṣo mọ́.

Àwọn mẹ́ta tó kù le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Michael Collins tí wọ́n dìbò yàn ní ọdún 2016 ń ṣojú ìwọ̀ oòrùn gúúsù Cork ní Dáil, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin kan náà tí aṣíwájú ọdún 1922 ti jókòó, agbègbè kan náà ni àwọn méjèèjì sì ti wá. Limerick ni àwọn méjì yòókù ti wá: ọ̀kan ṣojú ìwọ̀ oòrùn Limerick láti 1997 di 2007, èkejì jẹ́ òǹkọ̀wé ìtàn àròsọ tí a bí ní ọdún 1964, tí ìwé rẹ̀ sì wọ inú àwọn tí wọ́n ṣà fún ẹ̀bùn Booker ní ọdún 2000. Nígbà tí páálí kan wá sọ pé “Collins ti Limerick, ní ọdún 2000”, ìlú kò ràn mí lọ́wọ́, ọdún náà kò sì ràn mí lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ “ìwé rẹ̀” tí ó wà ní ìpínrọ̀ kejì ni ó yọ mí.

Ó wá ku bí n ó ṣe kọ wọ́n. Ní agbo ilé wa, Bísí mẹ́ta la ní, Bísí Dúdú, Bísí Pupa àti Bísí Ìyá Alákàrà, kò sì sí ẹni tí ó ṣì wọ́n mú rí. Mo fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn Collins, ni mo bá kọ́kọ́ fi “olóṣèlú” sí iwájú orúkọ, kí n tó rántí pé mẹ́ta nínú wọn ló jẹ́ olóṣèlú. Mo wá fún àwọn méjì tó lókìkí jù ní ọdún ìbí àti ọdún ikú wọn, 1890–1922 àti 1930–2021, mo fi ẹkùn ìdìbò ya àwọn aṣòfin méjì sọ́tọ̀, mo sì fi iṣẹ́ ya òǹkọ̀wé.

Orúkọ náà ní èdè Írẹ́lándì tún ní wàhálà tirẹ̀. Mícheál Ó Coileáin ni aṣíwájú náà kọ sábẹ́ ìwé àdéhùn. “Ó” túmọ̀ sí ọmọ ọmọ, “coileán” sì ni ọmọ ajá, bí ẹni pé wọ́n ń kí ìran kan ní oríkì. Olùkàwé lè lọ wá a lábẹ́ O, nítorí náà mo fi ìlà kan síbẹ̀ tí ó darí rẹ̀ sí Collins.

Ní alẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí mo fi iṣẹ́ ránṣẹ́, mo tún ka orí Írẹ́lándì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin pẹ̀lú ojú ara mi. Ibi mẹ́fà ni ìwé ti pe ọkùnrin náà ní Mick lásán, tàbí ní Ọkùnrin Ńlá, ìnagijẹ tí àwọn èèyàn rẹ̀ fún un, láìdárúkọ Collins rárá. Kọ̀ǹpútà kò rí ọ̀kankan nínú wọn. Mo gé páálí mẹ́fà sí i, mo kó wọn sí òkìtì àkọ́kọ́, mo sì fi nọ́ńbà ojú ìwé wọn kún atọ́ka.